Wọ́n ń kà wá, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ń gbọ́ wa?

Ọ̀rọ̀ kan ló gba ọkàn mi láti ìrọ̀lẹ́, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ. Àwa tá à ń gbọ́ rédíò, tá à ń wo fídíò, tá à ń ka ìròyìn, kí la jẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é báyìí? Nígbà kan, ìbéèrè yìí kò le. Wọ́n á sọ̀rọ̀, a ó gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá bí wa nínú, a lè kọ lẹ́tà, ká fi sínú àpòòwé, ká wá máa retí. Olóòtú ló máa pinnu bóyá ẹlòmíràn á rí i kà.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọdún kan tí nǹkan yí padà, 2005 ni mo máa mú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún náà ni Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá YouTube sílẹ̀, gbé fídíò àkọ́kọ́ sórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró síwájú àwọn erin nínú ọgbà ẹranko, tó ń sọ bí imú wọn ṣe gùn tó. Ìṣẹ́jú àáyá 19 péré ni, kò sì sí olóòtú kankan tó ní kó kọ́kọ́ mú un wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di oṣù Keje, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín wákàtí mẹ́fà, fọ́tò tó lé ní 1,000 ni àwọn aráàlú ti fi ránṣẹ́ sí BBC. Àwọn tí eruku bò nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ náà ló ń fi fóònù ya ibi tí oníròyìn kankan ò lè dé. Bákan náà ló rí ní 2009, nígbà tí bàálù tó gbé èèyàn 155 balẹ̀ sórí odò Hudson ní New York, tí gbogbo wọn sì yè: ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ dóòlà wọn ló ya fọ́tò tó tàn ká ayé lórí Twitter.

Inú mi dùn sí ìyípadà yìí gan-an. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ó sì ti pẹ́ tí ẹjọ́ oníròyìn nìkan la ń gbọ́. Bí ìròyìn bá gbé àwòrán ibòmíràn sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè tọ́ wọn sọ́nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí iléeṣẹ́ ìròyìn tó lè gba òṣìṣẹ́ débi tí wọ́n á fi mọ gbogbo ohun tí àwọn òǹkàwé wọn mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lónìí ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi ń ṣe fídíò lórí YouTube tó fi ń kọ́ni ní aṣọ rírán. Ó pè mí síwájú kọ̀ǹpútà, ó ṣí ojú ewé kan tí ìkànnì náà ń fi han àwọn tó ń ṣe fídíò nìkan. Ìlà kan ló wà níbẹ̀, tó ń sọ iye èèyàn tó ṣì ń wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wá já lulẹ̀ lójijì níbì kan. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ibí ni wọ́n ti sá.” A padà wo ibẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ ká rẹ aṣọ òwú sómi, ká sá a gbẹ, ká tó gé e, kó má baà súnkì lẹ́yìn tá a bá ti rán an tán. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló wúlò jù nínú gbogbo fídíò ọ̀hún. Ó ní òun ò ní fi irú rẹ̀ sínú èyí tó kàn mọ́.

Mi ò sọ pé ìlà yẹn ò wúlò o. Níbi tó ti ń so apá mọ́ aṣọ, ìlà náà tún gòkè, torí àwọn èèyàn ń dá fídíò padà kí wọ́n lè tún un wò. Òun náà ti wá mọ̀ pé ó yára jù níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo lọ sí ìsàlẹ̀ fídíò, mo rí ìbéèrè obìnrin kan láàárín ọ̀pọ̀ “ẹ kú iṣẹ́” àti àwòrán àtẹ́wọ́: báwo lèèyàn ṣe ń gé aṣọ fún ẹni tí èjìká rẹ̀ kan lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ? Àbúrò mi ò rí i. Ìkànnì náà ti ka obìnrin yẹn mọ́ àwọn tó wo fídíò náà, ó mọ ìṣẹ́jú tó fi wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Mi ò dá àbúrò mi lẹ́bi. Láti 2012 ni YouTube ti ń fi bí àwọn èèyàn ṣe pẹ́ tó lórí fídíò pinnu èyí tó máa gbé síwájú wa, kì í ṣe iye ìgbà tí wọ́n ṣí i nìkan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun gbọ́dọ̀ máa wo ojú aago yẹn. Ẹnìkẹta ti wà láàárín òǹwòran àti olùṣe fídíò báyìí, òun ló sì mọ àwa méjèèjì ju bá a ṣe mọ ara wa lọ.

Bí a bá pariwo pọ̀, wọ́n máa ń gbọ́, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Ní 2019, nígbà tí ìpolówó fíìmù Sonic, ẹranko inú géèmù kan, jáde tí àwọn èèyàn rí eyín tí wọ́n fi sẹ́nu ẹranko náà, ariwo ta. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí olùdarí fíìmù náà fi ṣèlérí pé àwọn máa tún un yà, wọ́n sì sún fíìmù náà láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì 2020. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ló béèrè ọ̀rọ̀ èjìká, kò sì sí ẹni tó máa bá a pariwo. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn mìíràn tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà pa, wọ́n mú àyè tí òǹkàwé ti ń kọ èsì sábẹ́ ìròyìn kúrò: Popular Science, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, ní 2013, NPR, iléeṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà, ní 2016. Èébú tí àwọn kan ń rọ̀jò lábẹ́ ìròyìn pọ̀ lóòótọ́, mo sì mọ bó ṣe ń rẹ ẹni tó ń kà á. Síbẹ̀, ó dùn mí pé ẹni tó wá kọ́ni lọ́gbọ́n ni wọ́n lé jáde pẹ̀lú ẹni tó wá bú èèyàn.

Àwọn kan ṣì ń ṣe é bó ṣe yẹ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ ètò rẹ̀ lórí fóònù. Kó tó sọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ ka àtúnṣe tí àwọn olùgbọ́ fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé sí i pé ohun tó sọ nípa ibà ọmọdé kò pé. Ó kà á láìfi bò, ó sì pe nọ́ọ̀sì náà wá sórí ètò tó tẹ̀ lé e kó wá ṣàlàyé fúnra rẹ̀. Látìgbà náà ni èmi náà ti ń kọ ìbéèrè tèmi ránṣẹ́ sí i.