Ilé Tó Sán La Rà, Èyí Tó Ń Dán La Fi Sílẹ̀

Ẹ ò lè máa wá ilé tí wọ́n ti gbé rí kí ẹ má bá ògiri tó sán pàdé. Bí ẹ bá sì fi lọ ará ilé, ohùn méjì lẹ máa gbọ́: àwọn kan á ní kí ẹ sá, àwọn kan á ní síméńtì díẹ̀ ló máa parí ẹ̀. Mi ò tẹ̀lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ilé, méjì ló kù lọ́wọ́ wa nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan ń dán gbinrin. Èkejì là láti igun fèrèsé pálọ̀ títí dé abẹ́ àjà, ó fẹ̀ tó kí pẹ́ńsù wọ̀ ọ́. Èyí tó là yẹn la rà. Kì í ṣe pé àyà kì wá. A mọ ohun tó là á, a sì mọ̀ pé ohun náà ti dáwọ́ dúró. Ti èyí tó ń dán, wọn ò jẹ́ ká mọ nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí n má kọ́kọ́ bèèrè bí ojú ibi tó sán ṣe fẹ̀ tó. Kí ló fà á? Ṣé ó ṣì ń rìn? Ìgbà tí mo bá rí ìdáhùn méjì yìí ni mo tó lè sọ pé ilé náà wọ́n tàbí kò wọ́n.

Kò sílé tí kì í rìlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, nítorí ìwúwo rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀. Bó bá rì dọ́gba, kò sí wàhálà. Wàhálà dé nígbà tí apá kan bá ń lọ sílẹ̀ tí apá kejì ò kúrò lójú kan. Ilẹ̀ alámọ̀ máa ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á sì wú nígbà òjò. Igi ńlá tó wà nítòsí á tún máa fa omi inú rẹ̀ mu. Páìpù tó jò lábẹ́ ilẹ̀ lè máa gbọ̀n erùpẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìpìlẹ̀. Ibòmíì wà tó jẹ́ kòtò tí wọ́n da pàǹtí dí ni wọ́n kọ́lé lé. Yàrá tí wọ́n wá so mọ́ ilé lẹ́yìn ọdún pípẹ́ náà ńkọ́? Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà jìn tó ti ilé àkọ́kọ́, torí náà ojú oríkèé méjèèjì ló máa ń là.

Ògiri fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Ìlà tín-ín-rín bí irun lójú ibi tí wọ́n rẹ́, síméńtì tó gbẹ ló sábà ń fà á, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ láti igun ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, tàbí tó ń gun ojú oríkèé búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, ìpìlẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé igun ilé ló ń rì. Bó bá fẹ̀ nísàlẹ̀, àárín ilé ló lè máa rì. Èyí tó ń já mi láyà jù lára ògiri ni èyí tó lọ gbọọrọ ní ìbú lára ògiri tó gbé erùpẹ̀ dúró, pàápàá bí ògiri náà bá ti yọ ikùn síta: erùpẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tì í.

Àwọn ẹnjiníà ní òṣùwọ̀n kan fún bí ojú ibi tó sán ṣe fẹ̀ tó, ó ti ọ̀dọ̀ Building Research Establishment wá, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí kò ju mìlímítà 1 lọ, ọ̀dà lè bò ó. Títí dé mìlímítà 5, kí wọ́n dí i kí wọ́n tún ibẹ̀ rẹ́. Láti 5 dé 15, ilẹ̀kùn àti fèrèsé á ti máa há, bíríkìlà á sì ní láti tú díẹ̀ lára ògiri. Bó bá kọjá 25, ó lè gba pé kí wọ́n wó apá kan ilé kọ́ padà, ewu sì wà pé ilé náà ò dúró dáadáa mọ́. Òṣùwọ̀n yìí wúlò, àmọ́ ti òní nìkan ló ń sọ. Mìlímítà 3 tó ṣì ń fẹ̀ sí i burú ju 10 tó ti dúró láti ọdún pípẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó ti dúró? Ẹnjiníà àgbàlagbà kan la mú lọ sí ilé tí a rà. Bàbá náà tan tọ́ọ̀ṣì sínú ibi tó là, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Ọ̀dà funfun ojú ògiri wọ inú ibẹ̀ lọ láìjá, ọ̀dà àwọ̀ ewé àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, òwú aláǹtakùn sì ti ta sí i. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kun ọ̀dà funfun yẹn, ibẹ̀ ò tíì ṣí sí i, torí tó bá ṣí, ọ̀dà á já. Ibi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, etí rẹ̀ á mú, inú rẹ̀ á mọ́. Lẹ́yìn náà ló jáde sí igun ilé, ó rí i pé páìpù tó ń gbé omi òrùlé wálẹ̀ ti fọ́ níbẹ̀ rí kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó là, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọjọ́ síbẹ̀. Ọdún kan gbáko ni àwọn ẹnjiníà fẹ́, kí ilẹ̀ lè gbẹ kó sì tún mumi lójú àmì náà. Ta ló máa fún yín lọ́dún kan? Ẹ gba ìwọ̀nba tí ẹ bá rí gbà. Onílé fajú ro, ṣùgbọ́n ó gbà fún wa títí òjò fi dé.

Ti ilé kejì ńkọ́? Ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n kùn ní yàrá ẹ̀yìn, òórùn ọ̀dà ò tíì tán níbẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, ó pa dé wẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé káfíńtà ti fá orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún kéré sí apá òsì, kó lè bá férémù tó ti wọ́ mu. Wọ́n fi pákó tuntun bo ògiri tó kángun sí i. A ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá ṣí ọ̀kan wò, wọ́n ní yóò ba iṣẹ́ jẹ́. A kí wọn, a lọ.

Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú fò ni irin inú kọnkéré. Bó bá dípẹtà, ó máa ń wú, á sì fọ́ kọnkéré tó bò ó. Àbàwọ́n pupa bí ìpẹtà lábẹ́ dẹ́kì, tàbí ibi tí ẹ kàn tó dún gbò-gbò bí àgbá òfìfo, ẹ má gbà kí wọ́n rẹ́ ẹ fún yín lásán. Bákan náà ni pálọ̀ tó bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: ẹ béèrè àwòrán ilé, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti yọ ògiri tó ń gbé òkè.

Ẹnjiníà tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún ni kí ẹ mú lọ. Ẹ má lo ti onílé, ẹ má lo ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ títún un ṣe. Kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Mo bi tiwa pé, “Bàbá, tó bá jẹ́ tiyín, ṣé ẹ máa rà á?” Ó ní, “Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó o bi mí, ọmọ mi. Bi mí pé bí mo bá ṣì í, èló ló máa ná ẹ.” Tó bá ṣì í, a ní láti gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ igun yẹn, ní ìwọ̀n bíi mítà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n da kọnkéré sí i kí wọ́n tó bọ́ sí èyí tó kàn, torí ilé ò gbọ́dọ̀ wà lórí òfìfo. Iṣẹ́ tó ń jẹ owó ni. Iye yẹn, àti ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e, la ní kí onílé yọ nínú owó ilé. Kò yọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tó pọ̀ jù.

Bí owó rírà bá máa gbá àpò yín mọ́lẹ̀, ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiyín, kódà bí ẹnjiníà bá ní kò séwu. Ẹ kọ́kọ́ bi báǹkì àti àwọn adójútòfò náà, torí àwọn mìíràn kì í fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sì ti rà á, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, ògiri rírẹ́ ló máa kẹ́yìn. Ẹ má sì sáré gé igi ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé: lórí ilẹ̀ alámọ̀, omi tí igi náà ń mu tẹ́lẹ̀ á kù sínú ilẹ̀, ilẹ̀ á wú, ó sì lè gbé ìpìlẹ̀ sókè. Ẹ bi ẹnjiníà kí ẹ tó gbé ayùn.