Ọdún tí mo rí ohun tí mo tọrọ

Ní àìsùn ọdún tó kọjá, nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, pásítọ̀ wa ní kí olúkúlùkù kọ ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní 2024. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi ni mo kọ tèmi sí: ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, maṣíìnì oníná méjì, owó ilé-ìwé ọmọ mi ní yunifásítì, sóólà, àti ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan. Lálẹ́ àná mo tún ṣí ìwé náà. Mẹ́rin ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ilẹ̀ nìkan ló kù, mo sì ti san díẹ̀ lára owó rẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀ o. Lọ́dún tí lítà epo bẹntiróò kan kọjá 1,000 náírà, oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ fún yín: ọdún yìí gan-an ni ọkàn mi gbẹ jù láti ìgbà tí mo ti gba Jésù.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Sáàmù 106 tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀. Ìfẹ́ ọkàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbóná nínú aginjù, Ọlọ́run sì fún wọn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, àmọ́ Ó rán rírù sí ọkàn wọn. Rírù! Bí ewúrẹ́ ṣe ń rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí èèyàn á máa ka egungun ìhà rẹ̀. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí àdúrà rẹ̀ kò gbà ni ọkàn rẹ̀ ń rù.

Díẹ̀díẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo kó dé ẹ̀bá títì, iṣẹ́ aṣọ ẹbí ń ya wọlé. Mo kọ́kọ́ yọ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì Ọjọ́rú, mo ní tí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí bá ti tán ni. Àdúrà ìdílé di "Olúwa, ṣọ́ wa jáde, ṣọ́ wa wọlé", tí mo ń gbà bí mo ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníbàárà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ohun tí mo sọ sí ọmọ ọlọ́mọ, ẹnu mi ò gbé e láti tún un sọ. Lọ́jọ́ kejì mo wọ aṣọ akọrin, mo kọrin.

Lóṣù Kẹjọ, mo gbé bùbá lọ fún ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Wọ́n súre, wọ́n ní, "Gbàdúrà fún mi kóo tó lọ, ọmọ mi." Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo pe Ọlọ́run ní Bàbá, mo pè É ní Ọba, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi. Fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, oníbàárà ni, bí mo ṣe máa gbé e ló sì wà lọ́kàn mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Màmá dúró títí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa òrí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún èmi. Wọn ò dárúkọ ẹsẹ̀ wọn rárá. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá: pé Jésù rà wọ́n padà, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń tù wọ́n nínú lóru tí oorun ò bá wá. Ẹni tí kò lè dá dìde jókòó! Mo sunkún délé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ka Éfésù orí kìíní. Pọ́ọ̀lù pe ara rẹ̀ ní òǹdè nínú lẹ́tà yẹn, síbẹ̀ ó ní Ọlọ́run ti fi gbogbo ìbùkún ẹ̀mí bùkún wa. Ti bùkún, kò ní yóò bùkún. Ó yàn wá kí ayé tó wà, Ó sọ wá dọmọ, Ó dárí jì wá, Ó fi Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe èdìdì wa. Mo gbé ìwé ìwọ̀n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún tèmi tó jọ ọ́.

Iléṣà ni mò ń gbé. Lóṣù Kẹwàá, àwa obìnrin ìjọ lọ gbàdúrà ní Ìkejì-Arákejì, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀nà ti kú mọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, lọ́wọ́ lọ́dún 1928, tó sì gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, iṣẹ́ olówó oṣù. Ó fi í sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ àti ìsọjí 1930 ní Iléṣà wa níbí, iṣẹ́ ìyanu ni mo sì máa ń rántí. Lọ́tẹ̀ yìí, owó oṣù yẹn ni mo ń rò. Ọlọ́run ò ní kí n fi maṣíìnì sílẹ̀ o, mi ò sì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọrọ̀. Wákàtí méjì Ọjọ́rú ni Ó bèèrè, èmi sì ń dì í mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilé bàbá rẹ̀.

Aago mẹ́rin la ń ti ṣọ́ọ̀bù báyìí lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Oníbàárà méjì ti bínú lọ, ó sì dùn mí. Mo bẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi níwájú àwọn yòókù. Láràárọ̀, àbíkẹ́yìn mi ló ń ka Bíbélì fún wa. Ó máa ń ṣì í kà, a ó sì dúró dè é.

Lọ́jọ́ Kérésì mo gbé ìrẹsì lọ fún Màmá. Wọ́n tún ní kí n gbàdúrà. Fóònù mi wà nílé. Àdúrà náà ò gùn, ohùn mi sì ń gbọ̀n. Màmá ti ṣe "Àmín" kí n tó parí.