Ọdún tí wọ́n dá ti kọjá, fíìmù náà ò kú

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n dá fún ìtàn Blade Runner, ní ìlú Los Angeles tí òjò kì í fẹ́ dá níbẹ̀, tí ọkọ̀ ń fò kọjá láàárín àwọn ilé gogoro. Ọdún náà dé, ó sì lọ. Ọkọ̀ kankan ò fò. Síbẹ̀ mo tún wo fíìmù náà lálẹ́ àná, mo wò ó dópin láìtòògbé, bẹ́ẹ̀ oorun kì í pẹ́ gbé mi lọ nídìí ọ̀pọ̀ fíìmù tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ló gbà mí lọ́kàn látàárọ̀. Kí ló dé tí fíìmù tó dá ọjọ́ tí ọjọ́ sì já a nírọ́ kò fi di ohun ìgbàgbé?

Èsì tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé irú àwọn fíìmù wọ̀nyí, tó ń sọ ìtàn ọjọ́ iwájú tó burú, ríran. Wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i pé wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀!” N kò gbà. Bó bá jẹ́ ti ká ríran ni, ojú Blade Runner ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Pan Am ń tàn yòò lára ilé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Pan Am ti kógbá sílé láti ọdún 1991. Deckard, ọlọ́pàá inú ìtàn náà tí Harrison Ford ṣe, fẹ́ bá Rachael, obìnrin tó ń wù ú, sọ̀rọ̀ láti ilé ọtí, ó wá lọ dúró sídìí fóònù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ojú obìnrin náà hàn lórí rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara ògiri náà ló wà! Àwọn tó rí ọkọ̀ tó ń fò ò rí fóònù tí ènìyàn lè tì bọ àpò.

Nǹkan mìíràn ló ń dá mi dúró. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, Deckard ń dúró nínú òjò kí àyè lè yọ níwájú olóúnjẹ kan. Àyè yọ, ó jókòó, ó ní òun ń fẹ́ mẹ́rin. Olóúnjẹ ní méjì tó o. Deckard ní rárá, mẹ́rin ni. Bàbá náà tún tẹnu mọ́ méjì rẹ̀. Àwọn tó rí ọ̀nà ti kó lọ sí ayé mìíràn, ẹranko tòótọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọkùnrin kan sì jókòó síbẹ̀ tó ń bá olóúnjẹ jiyàn lórí ohun tí òun máa jẹ. Níbẹ̀ ni mo ti gba ayé náà gbọ́. Kì í ṣe lára ọkọ̀ tó ń fò.

Soylent Green náà, oúnjẹ ni mo ń bá lọ síbẹ̀. Ọdún 1973 ló jáde, 2022 ni wọ́n dá fún un. Ogójì mílíọ̀nù ènìyàn ló há sí New York inú rẹ̀, oúnjẹ gidi sì ti wọ́n bí imí eégún. Àṣírí tó wà ní ìparí rẹ̀, pé òkú ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń pín, àwọn tí ò wo fíìmù náà rí pàápàá ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò dẹ́rù bà mí mọ́. Àmọ́ ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Thorn, tó kó ẹran màlúù díẹ̀, ewébẹ̀ àti ápù nílé olówó kan tí wọ́n pa, tó sì gbé wọn wá fún Sol, bàbá arúgbó tí wọ́n jọ ń gbé. Bàbá rí ẹran, ó bú sẹ́kún. Ó sè é, àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń jẹun, ọ̀rọ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lẹ́nu wọn. Adùn tí Sol ti mọ̀ látìgbà èwe, Thorn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni, ojú rẹ̀ ni bàbá sì ń wò bó ṣe ń jẹ ẹ́. Edward G. Robinson ló ṣe Sol. Fíìmù tó ṣe kẹ́yìn nìyẹn, ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1973, kò rí i kó jáde. Ìyókù fíìmù náà, kí n má purọ́, ó ń fà.

Àbúrò mi obìnrin wọlé bá mi nídìí rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àwọn fíìmù ìbànújẹ́ yín?” Ó ní ìròyìn tí òun ń gbọ́ láàárọ̀ ti tó òun. Mo ní kó wá bá mi wo fíìmù Brazil nígbà náà, pé apanilẹ́rìn-ín ni. Ó ní òun ti mọ irú ẹ̀rín tó máa ń pa mí.

Kò jẹ̀bi. Brazil pani lẹ́rìn-ín, àfi pé ẹ̀rín ọ̀hún máa ń há sọ́fun. Terry Gilliam ló darí rẹ̀, ó jáde lọ́dún 1985. Kòkòrò kan já bọ́ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ló bá di pé orúkọ Tuttle tó yẹ kó tẹ̀ di Buttle. Bí àwọn agbófinró ṣe ya wọ ilé ẹni tí ò mọwọ́mẹsẹ̀ nìyẹn, lójú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, lásìkò Kérésìmesì. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé e lọ. Òṣìṣẹ́ kan wá na bébà sí ìyàwó rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Rìsíìtì ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó fọwọ́ sí i, ọkùnrin náà sì tún gba rìsíìtì ti rìsíìtì. Kò jágbe mọ́ ọn, kò fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Mo ti wo fíìmù tí wọ́n ti pa odindi ìlú run tí mo sì ń jẹ gúgúrú mi lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti na bébà yẹn, ara mi á bù máṣọ.

Ó jọ pé àwọn tó ń fowó sí irú fíìmù yìí kì í fọkàn tán àwa òǹwòran. Ìgbẹ̀yìn Brazil ò dára fún Sam tí ìtàn náà dá lé lórí, ilé-iṣẹ́ Universal ní Amẹ́ríkà sì fẹ́ gé e kúrú kí ó lè parí sí ayọ̀. Gilliam fárígá. Ó sanwó fún odindi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn Variety, ó fi bi Sid Sheinberg, ọ̀gá Universal, léèrè ìgbà tó máa gbé fíìmù òun jáde. Kó tó jáde ní Amẹ́ríkà rárá, àwọn alárìíwísí fíìmù ní Los Angeles ti yàn án ní fíìmù tó dára jù lọ lọ́dún 1985. Blade Runner kò ríbi sá sí bẹ́ẹ̀ ní 1982. Wọ́n ní kí Ford máa fẹnu ṣàlàyé lórí àwòrán, bí ẹni pé ojú wa fọ́, wọ́n sì lẹ ìparí aláyọ̀ mọ́ ọn, tí Deckard àti Rachael ń wakọ̀ lọ láàárín òkè àti igbó tútù. Àwòrán òkè wọ̀nyẹn, àjẹkù tí Stanley Kubrick yà fún The Shining ni. Ọdún 1992 ni wọ́n tó gbé ẹ̀dà tí ò ní ìyẹn nínú jáde.

Níbi tí mo bá a dé báyìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ò ju bí aburú ṣe ń mọ́ni lára lọ. Fíìmù tó bá fi ìyẹn hàn mí, n kò bìkítà ọdún tó dá. Kò sì sí èyí tó mọ̀ ọ́n fi hàn bíi Children of Men, tí Alfonso Cuarón darí lọ́dún 2006. London ọdún 2027 ni. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí obìnrin kankan ti bímọ kẹ́yìn láyé. Bí fíìmù ṣe ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn kóra jọ sílé kọfí, wọ́n gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó kéré jù láyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Wọ́n ń sunkún. Theo, tí ìtàn náà dá lé lórí, wọlé, ó ra kọfí, ó jáde. Kó tó ṣe díẹ̀, bọ́ǹbù dún nílé kọfí náà. Ṣé ilé ló wá gbà lọ? Rárá o, ibi iṣẹ́ ló lọ. Ìgbà tó débẹ̀ ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ikú ọmọkùnrin yẹn ká òun lára ju bí òun ṣe rò lọ, ó fi gbàyè kó lè máa lọ sílé. Ó fi òpin ìran ènìyàn tọrọ àyè níbi iṣẹ́! Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí pé èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba ibi ọkọ̀ ojú irin kọjá, wọ́n ti àwọn àjèjì mọ́ inú àgò irin níbẹ̀, ó sì kọjá lára wọn bí ẹní kọjá lára òpó iná.

Theo yìí kan náà ló padà di ẹni tó ń fi sálúbàtà sá kiri kí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí láti ọdún yẹn wá lè yè. Kò gbé ìbọn rí títí fíìmù fi parí. Ẹ fi èyí wé The Matrix ti ọdún 1999, tí ìbọn kún inú rẹ̀ títí dé àjà, tí Morpheus, olórí àwọn tó ń bá ẹ̀rọ jà, sì ń ṣàlàyé tí kò sinmi. Mo fẹ́ràn The Matrix, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà. Ṣùgbọ́n Cypher ọ̀dàlẹ̀ nìkan ni mo gbà gbọ́ níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ayé tí kọ̀ǹpútà dá ni òun wà, pé ẹran tó wà lẹ́nu fọ́ọ̀kì òun kì í ṣe òótọ́, ó sì jẹ ẹ́ tadùntadùn.

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ò nílò láti gùn, ó sì lè má lówó lọ́wọ́ rárá. La Jetée ti Chris Marker, 1962, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fọ́tò tí kò mira ni gbogbo rẹ̀ àfi ibì kan tí obìnrin kan ti ṣẹ́jú. Pumzi ti Wanuri Kahiu láti Kẹ́ńyà, 2009, kúrú jùyẹn lọ: lẹ́yìn ogun omi, àwọn ènìyàn ń sẹ́ òógùn ara wọn mu, obìnrin kan sì rí ilẹ̀ tó ṣì lè hu nǹkan. Mo máa ń fi àwọn méjì yìí ṣáájú fún ẹni tó bá ní òun ò rọ́wọ́ yọ.

Metropolis ni mo fẹ́ wò lálẹ́ òní. Fritz Lang ló darí rẹ̀ ní Jámánì, 1927. Wọ́n gé púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tó jáde, wọn ò sì rí ẹ̀dà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán mọ́ títí di 2008, ní Buenos Aires. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ ara wọn nídìí iṣẹ́ ni mo ń dúró dè. Ìlà méjì ni, gbogbo wọn dorí kodò, àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde, ẹsẹ̀ àwọn tó ń jáde sì wúwo ju tàwọn tó ń wọlé lọ. Ní ìparí, ọ̀gá àti olórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ìjà ti tán. Lang fúnra rẹ̀ padà sọ pé ìparí yẹn kò tẹ́ òun lọ́rùn. Èmi máa ń pa á kí wọ́n tó na ọwọ́ síra wọn.