Àwọn Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wá Wò

Nígbà tí mo bá wọ gbọ̀ngàn ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ girama láti wo ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, n kì í wo bọ́ọ̀lù náà rárá ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni mo máa ń wò, lẹ́yìn náà ojú wọn, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ní kí wọ́n wá jókòó. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Houston àti ní àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas. Mo ń wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ṣùgbọ́n tí yunifásítì kankan kò tíì pè, mo ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mo sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọn kò lówó láti máa wọkọ̀ òfuurufú kiri bí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ti ń ṣe.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Kìíní, mo wakọ̀ lọ sí ìlú kékeré kan láti wo ọmọ Yorùbá kan tó wà ní ọdún kẹta girama níbẹ̀. Kò ga púpọ̀, ipò àwọn tó ga jù ú lọ ni wọ́n sì fi í sí. Ayò mẹ́jọ péré ni ó jẹ, ẹni tó bá sì ka èsì ìdíje náà lọ́jọ́ kejì kò ní rí ìdí láti dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ju bọ́ọ̀lù sókè, kí bọ́ọ̀lù náà tó kan irin, ọmọ yìí á ti bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á fi apá òsì kàn án láyà kí ó lè mọ ibi tó wà láìtún wò ó mọ́, á sì ti ẹsẹ̀ kan bọ iwájú ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Mo ń kà á bọ̀ nínú ìwé mi. Ìgbà mọ́kànlá ni bọ́ọ̀lù ta padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìgbà mẹ́sàn-án ni ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́, tàbí sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó ti dínà mọ́ alátakò. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì pè é wá jókòó, kò fi aṣọ ìnura borí bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Ó lọ jókòó ti àbúrò kan tó fẹ́ wọlé, ó sì fi ìka tọ́ka sí alátakò kan, ó ń ṣàlàyé fún un pé apá òsì ni onítọ̀hún máa ń gbà lọ.

Èmi nìkan ni mo gbé ìwé àti kálàmù dání nínú gbọ̀ngàn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Division I, ìyẹn ìpele tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì, fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti lè rí ọgọ́rùn-ún ọmọ lábẹ́ òrùlé kan, pàápàá ní oṣù Keje, nígbà tí òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, fàyè gbà wọ́n láti wo ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí Nike, Adidas àti Under Armour ń ṣe onígbọ̀wọ́ wọn. Ọmọ tí kò bá sí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé òbí rẹ̀ kò lè san owó ìrìnàjò, bóyá nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà nígbà ìsinmi, ojú wọn kò lè tó o.

Èyí tó wá dá kún un ni transfer portal, ibi tí agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ti ń forúkọ sílẹ̀ lórí ayélujára bí ó bá fẹ́ ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni NCAA ṣí i, ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ náà wá le fún àwọn ọmọ girama, nígbà tí wọ́n gbà kí agbábọ́ọ̀lù lè ṣí kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù lọ láìkọ́kọ́ jókòó fún ọdún kan. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fàyè gbà wọ́n láti máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, àwọn tí àrùn Kòrónà sì bá lẹ́nu bọ́ọ̀lù ti gba àfikún ọdún kan. Àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 13 ni ẹgbẹ́ Division I kan ní nígbà náà. Láti ọdún 2025, àwọn yunifásítì tó wọ inú àdéhùn tuntun tí wọ́n fi parí ẹjọ́ owó agbábọ́ọ̀lù ní kóòtù lè kó agbábọ́ọ̀lù 15. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá fìdí rẹmi lọ́dún yìí, ṣé ọmọ ọdún 17 tí yóò gba ọdún méjì kó tó gbó ni yóò mú ni, àbí ọkùnrin ọmọ ọdún 22 tó ti gbá ọgọ́rùn-ún ìdíje? N kò dá wọn lẹ́bi tán. Ohun tí n kò lè gbójú fò ni ìlérí èké. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì kan fọkàn ọmọ kan tí mo mọ̀ balẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹrin, ọmọ náà sì torí ìyẹn kọ ilé ẹ̀kọ́ méjì tó ń fẹ́ ẹ. Ìlà méjì péré ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nígbẹ̀yìn: wọ́n ti rí ẹlòmíràn mú láti inú portal. Ó kà á sí mi létí lórí fóònù, ó sì tún un kà, bí ẹni pé ìlà kẹta lè wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn kankan títí tí ìwé yóò fi wọlé.

Àwa Yorùbá tó wà ní Houston ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ọmọ tí a kò kà sí yé jù lọ, nítorí Hakeem Olajuwon. Nígbà tó ti Èkó dé Yunifásítì Houston ní ọdún 1980, kò tíì pẹ́ rárá tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tó ti ń ṣọ́lé, ló mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, takisí ló wọ̀ dé ọ̀dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis, ó sì fi ọdún àkọ́kọ́ jókòó láìgbá ìdíje kankan. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ náà wọ Final Four, ìyẹn ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje yunifásítì, léraléra ní ọdún 1982, 1983 àti 1984, nígbà tó sì di àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, ń yan agbábọ́ọ̀lù ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ẹnì kẹta ni Michael Jordan. Ọgbọ́n ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, orí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè eré mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí fẹ́ràn ìtàn Ja Morant. Ní ọdún 2016, James Kane, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Murray State, lọ wo ọmọ mìíràn ní South Carolina. Ìpanu ló ń wá kiri tó fi gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn kékeré kan, níbi tí Morant wà. Ní 2019, Morant ni ẹnì kejì tí wọ́n mú wọ NBA. Ìtàn náà kì í dùn mọ́ mi tó bí ó ti ń dùn mọ́ wọn. Bí ebi kò bá pa Kane lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ìwé ni ọ̀rọ̀ tó ń dí ọ̀nà jù, òun sì ni àwọn òbí kì í tètè gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Division I gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ní girama, kí máàkì rẹ̀ lórí wọn má sì dín ní 2.3 nínú 4.0; mẹ́wàá nínú wọn gbọ́dọ̀ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èyí nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ti pẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè èsì ìdánwò kí n tó béèrè fídíò.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìdíje náà, mo lọ kí ìyá ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe. Ó gbé omi fún mi, ó jókòó, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ṣeun tí ẹ wá o, ṣùgbọ́n mi ò kó ọmọ wá sí Amẹ́ríkà kó wá máa ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ìwé ni mo ní kó kà.”

Mo ní, “Ìyá wa, ìwé náà gan-an ni mo bá wá.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó sì gbé báàgì ọ̀rá kan jáde láti inú yàrá. Gbogbo èsì ìdánwò ọmọ náà ló wà nínú rẹ̀, ó fi rọ́bà di ti ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kọ́ọ̀sì mẹ́jọ ló ti ṣe tán, mẹ́rin ló ń ṣe lọ́wọ́, máàkì rẹ̀ sì ga ju ohun tí NCAA ń béèrè lọ dáadáa. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ Division III, ìpele kẹta nínú ti NCAA, kì í fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù rárá, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún ọmọ tó mọ̀wé lówó nítorí ìwé rẹ̀. Mo sì sọ fún un nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, níbi tí Jimmy Butler, ọmọ Tomball tí kò jìnnà sí Houston, tó wá di agbábọ́ọ̀lù NBA, ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lọ sí Yunifásítì Marquette.

“Tó bá wá fẹsẹ̀ ṣẹ́ ńkọ́?” ni ó béèrè. “Ṣé wọ́n á gba owó náà padà?”

Mo sọ fún un pé owó tí wọ́n bá fún un nítorí ìwé, máàkì rẹ̀ ni yóò máa dáàbò bò ó. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ tí ọkùnrin kan fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp hàn mí, ẹni tó ní kí ó san owó ńlá lọ́jọ́ tí òun bá bá ọmọ náà rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má dá a lóhùn, nítorí pé òfin NCAA kò gbà kí a so owó ẹni tó ń polówó agbábọ́ọ̀lù mọ́ rírí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ náà gan-an ni ìyà rẹ̀ sì lè jẹ. Èmi kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́rin ni mo kọ̀wé sí. Méjì ti fèsì, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì béèrè: fídíò ìdíje méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fẹ́ èyí tí a ti gé kù sí ibi tó dùn ún wò nìkan. Mo ti ya ọ̀kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ya èkejì, ìyá ọmọ náà sì pè mí ní àná. Ó ti bẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́ kí wọ́n jọ pààrọ̀ òru. Ó fẹ́ mọ aago tí ìdíje náà yóò bẹ̀rẹ̀, àti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ gbọ̀ngàn náà.