Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tó Tẹ́ Pẹrẹsẹ fún Ọ̀nà Jíjìn: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí n rí ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí mo lè fi rin ìrìn tó ju 100 kìlómítà lọ lójú ọ̀dà, kí n sì sọ̀kalẹ̀ láìsí pé abẹ́ ń ta mí tàbí pé ara ibẹ̀ ti kú. Ìjókòó tó bá kẹ̀kẹ́ mi wá rì láàrin. Ìdí rẹ̀ gbé sókè, imú rẹ̀ náà gbé sókè díẹ̀. Bí ìrìn bá kúrú, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti gùn, kòtò àárín yẹn a dá mi dúró sójú kan ṣoṣo. Mo sún síwájú, mo yọ̀ padà sínú rẹ̀. Mo sún sẹ́yìn, bákan náà ni. Ẹran ara kan náà ló ń ru gbogbo ìwúwo mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí a bá sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ kì í sàn níbẹ̀ dáadáa.

Àyè láti ṣípò ni mò ń wá lára ìjókòó pẹrẹsẹ. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ mí, mo fẹ́ sún síwájú kí n tẹ̀ ba; bí òkè bá dé, kí n sún sẹ́yìn kí itan lè ti pẹ́dàlì tagbáratagbára; bí ọ̀nà bá tẹ́jú, kí n padà sáàárín. Sísún díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fún ibi tó ti rẹ̀ ní ìsinmi. Kò sí fóòmù tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kó nípọn tó.

Ìrísí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn

Ọ̀nà méjì la gbọ́dọ̀ gbà wo ìjókòó kí a tó gbà pé ó tẹ́. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: láti imú dé ìdí, ṣé ó gún régé ni, àbí ó rì? Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ẹ wò ó láti apá ọ̀tún dé apá òsì: ṣé ó tẹ́ níbẹ̀ náà, àbí ó yọ gìrọ̀gìrọ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá? Ọ̀pọ̀ ìjókòó tí wọ́n ń tà ní pẹrẹsẹ, ti ẹ̀gbẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ gìrọ̀, egungun ìdí méjèèjì á máa yọ̀ sí ibi tó dagẹ̀rẹ̀, ẹran ara tó rọ̀ láàrin wọn ni ìwúwo á wá bọ́ lé. Ibẹ̀ sì ni iṣan ìmọ̀lára àti òpó ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá. Ohun tó ń mú kí abẹ́ kú nìyẹn.

Èyí tó tẹ́ látòkè délẹ̀, tí etí rẹ̀ sì mú ṣámúṣámú, ní àbùkù tirẹ̀: a máa họ itan. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá èyí tó tẹ́ láti imú dé ìdí, tó tẹ́ níbi tí egungun ń gúnlẹ̀ sí, tí etí rẹ̀ sì rọra tẹ̀ wálẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìjókòó mọ̀ pé ara kò dọ́gba. Fizik fi bí ẹ̀yìn ènìyàn ṣe ń tẹ̀ sí pín tiwọn: Arione tó gùn tó sì tẹ́ fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, Antares fún ẹni tó wà láàrin, Aliante tó rì láàrin fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Fabric náà ṣe Scoop ní ìrísí mẹ́ta, èyí tó tẹ́ jù fún ẹni tó máa ń tẹ̀ ba gan-an, èyí tó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ jù fún ẹni tó ń jókòó nàró. Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lára mu. Mo lè bẹ̀rẹ̀ kí n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ láìká orúnkún, láti ìbàdí ni mo sì ti ń tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń tẹ̀ láti àárín ẹ̀yìn, tí ìbàdí rẹ̀ dúró gbọnin, lè gbádùn ìjókòó tó rì jù mí lọ, n kò sì ní bá a jiyàn.

Wíwọn egungun ìdí

Kí n tó de ìjókòó kankan mọ́ kẹ̀kẹ́, mo wọn egungun méjì tó máa ń gún àga líle nígbà tí a bá jókòó. Mo gé páálí tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù, mo tẹ́ ẹ sórí àpótí tó kúrú débi pé orúnkún mi ga ju ìbàdí lọ. Mo jókòó lé e, mo tẹ̀ síwájú bí ẹni tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí náà mú, mo fà á mọ́ra kí ìdí lè wọnú páálí. Nígbà tí mo dìde, mo fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì pa ojú rẹ̀. Ibi tó rì kò gba ṣọ́ọ̀kì, àmì méjì sì hàn kedere. Láti àárín ọ̀kan dé àárín ìkejì jẹ́ mìlímítà 118.

Ìjókòó gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé etí rẹ̀ kì í gbé ènìyàn ró. Fún kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀dà, mìlímítà 20 sí 30 ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Tèmi á wá wà láàrin 138 àti 148. Ìwọ̀n 143 wọ́pọ̀, òun ni mo sì gbájú mọ́. Bí a bá sì ti ń tẹ̀ ba sí i, ibi tí a fi ń jókòó á máa dín ní fífẹ̀, nítorí egungun méjèèjì ń súnmọ́ra bí wọ́n ti ń lọ síwájú. Nítorí náà ni ìjókòó pẹrẹsẹ tó gùn fi wúlò: bí mo bá sún síwájú, apá tí kò fẹ̀ púpọ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

Kí ìdánwò lè dọ́gba

Bí ìjókòó bá ṣe ga tó láti irin méjì abẹ́ rẹ̀ dé ojú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá kàn yọ ọ̀kan tí ẹ de òmíràn, gíga yín ti yí padà, ẹ ó sì máa dá ìjókòó lẹ́bi ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Láti àárín ọ̀pá tí apá pẹ́dàlì ń yí lé lórí ni mo ti ń wọn gíga dé ojú ìjókòó. Ìṣirò tí Greg LeMond sọ di olókìkí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba eré ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France ní 1986, 1989 àti 1990: gígùn ẹsẹ̀ láti abẹ́ dé ilẹ̀, lọ́nà 0.883. Tèmi jẹ́ sẹ̀ntímítà 82, ó já sí 72.4. Bí ìjókòó bá ga jù, ìbàdí á máa mì sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ ti ń wá pẹ́dàlì, ìjókòó tó dára jù láyé á sì máa họ ènìyàn.

Jíjìn sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ńkọ́? N kì í fi imú wọn ọ́n, torí imú kan gùn, òmíràn kúrú. Mo máa ń wá ibi tí ìjókòó ti fẹ̀ tó mìlímítà 80, mo fi ìlà ṣọ́ọ̀kì sí i, ibẹ̀ ni mo ti ń na téèpù. Ṣòkòtò agunkẹ̀kẹ́ kan náà ni mo ń wọ̀ fún gbogbo ìdánwò, láìwọ pátá sábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni mo sì ń gbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó láti mọ ìjókòó. Gbogbo wọn ló dùn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn wákàtí kejì ni òótọ́ ń jáde.

Àwọn tó ti kọjá lábẹ́ mi

Èyí tó rọ̀, tí fóòmù rẹ̀ nípọn, ló kọ́kọ́ gorí kẹ̀kẹ́. Ó tẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ bá tèmi mu. Nígbà tí wákàtí kejì fi máa pé, egungun ti rì sínú fóòmù, fóòmù tó wà láàrin sì ti ru sókè sí abẹ́. Bí mo bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ara á tù mí. Bí mo bá tún jókòó, ó tún dé. Mo yọ ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí fóòmù rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ihò gígùn sì là á láàrin. Lójú ọ̀dà tó dán, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, n kì í parọ́. Ṣíṣípò rọrùn lórí rẹ̀, abẹ́ kò kú rárá. Àmọ́ ibi tí ọ̀dà bá ti họ, gbogbo ìgbọ̀nrìrì ló ń bá mi dé eegun ẹ̀yìn, etí ihò náà sì ń gún mi nígbà tí mo bá tẹ̀ ba fún ìgbà pípẹ́.

Mo tún yá ìjókòó tí wọ́n fi awọ ṣe wò. Irú rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ilé-iṣẹ́ Brooks ti wà láti 1866, B17 wọn ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń rìn jìnnà títí di òní. Awọ tí wọ́n fà le láàrin irin iwájú àti irin ẹ̀yìn ni, kò sí fóòmù lábẹ́ rẹ̀, bóòtì kan sì wà lábẹ́ imú tí a fi ń fà á le bó bá dẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, egungun ìdí ẹni tó ni ín á ṣe ihò tirẹ̀ sára awọ náà. Ohun tó mú un dùn fún wọn gan-an ni kò jẹ́ kó jẹ́ tèmi: bó bá ti gba ìrísí ìdí tán, ó ti ní ojú kan tó ń fà ọ́ padà sí. Bẹ́ẹ̀, àyè láti ṣípò ni mo ń lé. Ó sì kórìíra omi, òjò kì í sì í bèèrè lọ́wọ́ wa kó tó rọ̀.

Èyí tó wà lórí kẹ̀kẹ́ báyìí, ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù tó ń rọ̀ díẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, fóòmù rẹ̀ le, kò nípọn, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á láàrin láìlu já. Mìlímítà 143. Lẹ́yìn ìrìn, eruku àti òógùn máa ń fi àmì méjì sórí rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, wọ́n dọ́gba. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì

Ibí yìí ni mo ti lo àkókò jù, mo sì gbà pé ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ìjókòó pẹrẹsẹ tì láìtọ́. Ìjókòó tó rì láàrin ń dáríjì: bí imú rẹ̀ bá tẹ̀ sísàlẹ̀ jù, kòtò rẹ̀ á ṣì di ènìyàn mú. Pẹrẹsẹ kò ní ohun tó ń di ènìyàn mú. Bí imú bá fi dígírì méjì péré tẹ̀ wálẹ̀, ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ síwájú, ọwọ́ á máa tì í padà, àtẹ́lẹwọ́ á máa kú, èjìká á le. Ẹni náà á rò pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló jìnnà jù. Bí imú bá sì gbé sókè, abẹ́ ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, mo gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tí mo ti fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà yẹ̀ wò, mo fi pátákó tínrín kan bo ìjókòó láti imú dé ìdí, mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé pátákó. Àǹfààní pẹrẹsẹ nìyí, pé kò sí àríyànjiyàn lórí ibi tí a ó ti wọn ọ́n. Òfin UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, gba àwọn tó ń sáré láyè títí dé dígírì 9, ṣùgbọ́n fún wákàtí márùn-ún lójú ọ̀dà, ìdajì dígírì ni mò ń lé kiri.

Òpó ìjókòó tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ní bóòtì kan, eyín-eyín ló sì fi ń di ìjókòó mú. Láti eyín kan sí èkejì ti pọ̀ jù: ọ̀kan ga jù, èkejì rẹlẹ̀ jù. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí oníbóòtì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo tú ọ̀kan díẹ̀, mo fún èkejì le, ìjókòó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Mo ń gbé L-key dání nínú àpò, mo ń dúró lójú ọ̀nà, mo ń yí bóòtì ní ìdá mẹ́rin, mo tún ń gùn. Ibi tó wá dúró sí ni kí imú fi nǹkan bí ìdajì dígírì tẹ̀ wálẹ̀. Níbẹ̀, mo lè gbé ọwọ́ kúrò lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìyọ̀ síwájú. Ìdánwò tí mo fọkàn tán jù nìyẹn.

Ibi tí a dé

Abẹ́ kò kú mọ́, àtẹ́lẹwọ́ kò kú mọ́. Ó ku ìnira kan, ní itan apá ọ̀tún lókè, níbi tí etí ìjókòó ti ń kàn án bí mo bá sún sẹ́yìn gorí òkè. Mo fura pé mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ kí ìjókòó sún síwájú. Bí mo bá sún un, mo máa ní láti gbé e sókè díẹ̀, torí ìjókòó tó súnmọ́ iwájú ti súnmọ́ pẹ́dàlì náà nìyẹn. Mo ti fi ìlà ṣọ́ọ̀kì sára irin abẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ ibi tí mo ti kúrò. Bí ìyẹn kò bá mú un, ìjókòó kan náà tí etí rẹ̀ tún tẹ̀ wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni màá yá wò lẹ́yìn rẹ̀, pátákó àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.