Èmi àti káńfọ̀ la jọ lọ ṣe ìntáfíù

Mo ti fọ kóòtù yẹn, mo ti sá a sóòrùn, mo ti fín pafíúmù àbúrò mi sí i débi tí ìyẹn fi bá mi jà, òórùn káńfọ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń rò ó pé òun máa wá yá kóòtù lọ́wọ́ mi, ẹ tètè mọ̀ o.

Ilé iṣẹ́ brókà ni wọ́n ti pè mí, àwọn tó ń báni ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń báni tà á, lẹ́yìn Broad Street níbẹ̀yẹn lÉkòó. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mi ò tíì sọ ìrètí nù pátápátá. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ń bá mi fà á látìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, torí náà mo kàwé lọ́tẹ̀ yìí. Mo há a pé 1960 ni wọ́n dá ọjà ṣíà sílẹ̀ lÉkòó, 1961 ni òwò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, 1977 ló di Nigerian Stock Exchange, 2021 ló di NGX. Mo há CSCS tó ń tọ́jú ṣíà èèyàn sórí kọ̀ǹpútà. Mo há a débi pé àbúrò mi ní mo dìde jókòó lóru, mo pariwo "All-Share Index!", mo sì padà sùn. Gbogbo ohun tí mo há yẹn, ẹ fi í síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti wọ bàtà tán, Màámi yọ láti yàrá pẹ̀lú nylon kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Màámi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣíà lò ń lọ? Bá mi fi ìwé mi yìí hàn wọ́n."

Mo ní Màámi, ìntáfíù ni mò ń lọ ṣe, mi ò lọ fẹjọ́ sùn. Ó ní kí ló wá ní kí n má bèèrè, ṣé wọ́n á gba ẹnu lọ́wọ́ mi ni? Ọkọ̀ Obalende ti ń pèrò lójú títì, mi ò ráyè àríyànjiyàn, mo gba nylon, mo jù ú sínú báàgì pẹ̀lú fáìlì mi. Lọ́kàn mi, ọmọ aráyé kankan ò ní fojú kan nylon yìí.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa nylon náà díẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ló ti ń gbé láti bí ọdún 2008, láàárín àwọn léèsì tí kì í jáde àfi tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Káńfọ̀ tí Màámi kó sínú àpótí yẹn, kòkòrò tó bá gbójú wọ ibẹ̀, ó ti kọ ìwé ìpíngún ẹ̀ sílẹ̀ nílé. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú òórùn yẹn ò gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí mo dé rìsẹ́pṣọ̀n wọn tí àwọn tá a jọ wá ń sín lọ́tùn-ún lósì, mo ṣe wọ́n láàánú gan-an. Mo ní AC ibí yìí mà le o. Mo tiẹ̀ fún ọ̀kan ní tíṣù! Arákùnrin yẹn ti ṣe díẹ̀ nínú ìdánwò Chartered Institute of Stockbrokers, ó ń ka ìwé tó nípọn, omijé ń dà lójú ẹ̀, mo rò pé ìwé yẹn ló le.

Ó kàn mí. Àwọn mẹ́ta ló jókòó: ìyá kan tó gbé gèlè kékeré, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tẹjú mọ́ láptọ́ọ̀pù, àti bàbá àgbà kan tó ń tòògbé. Tábìlì gígùn, ó ń dán. Abọ́ pẹlẹbẹ kan wà láàárín, súìtì funfun roboto ló kún inú ẹ̀, díẹ̀ ti ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ rántí súìtì yìí o.

Ìyá yẹn ní ta ló ń bójú tó iṣẹ́ àwọn brókà ní Nàìjíríà. SEC ni. Mo mọ̀ pé SEC ni. Mo kọ ọ́ sára ògiri ilé ìwẹ̀ wa pé SEC ni. Mo lanu, mo ní "EFCC, ma."

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jáwọ́ nínú ohun tó ń tẹ̀. Bàbá yẹn lajú, ó wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n ti dé.

Ìyá yẹn ní ó dáa, tí ṣíà kan bá ń wọ́n sí i lónìí, ibo ló lè wọ́n dé kí ọjà tó tú? Ibi tí mo ti gbà pé ọpọlọ mi kì í ṣe tèmi mọ́ nìyẹn, nítorí mo ní, "Ó dọwọ́ Ọlọ́run, ma." Ó wò mí títí. Ó ní "Níbi tiwa níbí, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni Ọlọ́run fọwọ́ sí."

Lójú àánú, ó ní kí n kó àwọn sàtífíkéètì mi wá. Inú mi dùn, mo ní wàyí o, wọ́n á rí èsì ìdánwò mi, ọ̀rọ̀ á yí padà. Mo kọwọ́ bọ báàgì láìwo ibẹ̀, mo fa nǹkan yọ, mo gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Nylon Màámi ni. Ó sì ti ya lábẹ́.

Ẹyọ káńfọ̀ kan bọ́ síta. Ẹ̀yin ará, ẹ fojú inú wò ó. Ó yí. Kò sáré o, ó ń yí jẹ́jẹ́ lórí tábìlì gígùn yẹn, ó ń ró kírí kírí, ojú gbogbo wa ń bá a lọ àfi ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti padà sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Láàárín ìgbà tó fi ń yí, mo rí gbogbo ayé mi láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ó yí kọjá ṣágo omi, ó yà síbi abọ́ pẹlẹbẹ, ó sì dúró sáàárín àwọn súìtì tó ṣàn sílẹ̀ wọ̀nyẹn. Funfun. Roboto. Bàbá ẹni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ò tíì dáyé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá na ọwọ́ láìgbójú sókè, ó mú un, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu.

Òyìnbó tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ fò lọ. Mo figbe ta: "Ẹ má jẹ ẹ́! Káńfọ̀ Màámi ni!"

Ó já a sílẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá àgbà yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sì bọ́ sí tààrà. Ó gbé káńfọ̀, ó gbóòórùn ẹ̀ kanlẹ̀, ó ní "Àpótí ìyá mi nìyí." Ló bá nawọ́ sí nylon. Bó ṣe tú u, ojú ẹ̀ là kedere, oorun lọ. Àwọn ìwé ṣíà Màámi ló ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹ wo báńkì yìí, ó ti wọnú òmíràn lọ́dún 2005, lẹ́yìn tí Soludo, ọ̀gá Báńkì Àpapọ̀ nígbà yẹn, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, tí wọ́n fi dín láti 89 kù sí 25. Ó gbé òmíràn, ó ní "Èyí ńkọ́? 2007! Ta ló ra èyí?"

Ta ni ì bá rà á? Obìnrin tó ń ta gàrí àti èlùbọ́ lọ́jà Ojúwòyè ni. Ẹ jẹ́ n fi ara mi sílẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ Màámi, torí òun ló jẹ̀bi. Ọdún yẹn orí gbogbo èèyàn ló dà rú. Ẹni tí ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíà ń yáwó ra ṣíà, fọ́ọ̀mù dé ṣọ́ọ̀ṣì, dé mọ́ṣáláṣí, dé ìsọ̀ aláta. Màámi kó owó páànù ilé Ìkòròdú, ó fi ra ṣíà, ó ní tó bá di ìlọ́po méjì òun á fi òrùlé aláràbarà kan ilé. All-Share Index yẹn, òǹkà tó ń fi hàn bóyá ọjà ṣíà ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀, gun òkè kọjá 66,000 lóṣù kẹta ọdún 2008, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. A gbé abẹ́ tapólì. Tí òjò bá ń rọ̀, tí Bàámi bá ti wo òkè báyìí, Màámi á ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì. Ó ní òun náà fi owó mọ́tò òun ra nǹkan lọ́dún yẹn. Wọ́n pe òṣìṣẹ́ kan wọlé, wọ́n ṣe fótókópì ìwé Màámi, wọ́n ní àwọn á mú un lọ bá registrar, àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ni ṣíà, kó lè wọ CSCS, wọ́n kó fọ́ọ̀mù e-dividend fún mi, èyí tí wọ́n fi ń san èrè ṣíà sí báńkì èèyàn, BVN, fótò pásípọ́ọ̀tù, kí báńkì tẹ òǹtẹ̀. Gbogbo àkókò ìntáfíù mi ló bá bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì mi ò jáde nínú báàgì. Ìgbà tí mo ń jáde, ìyá yẹn ní kí n bá òun kí Mummy.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà wọn wọlé. Mo wẹ ọ̀fun mọ́, mo gbé e pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti rí iṣẹ́. Wọ́n ní sáìnì Màámi ò jọ èyí tó wà lórí ìwé 2007, kó lọ ṣe é dáadáa. Látìgbà náà ló ti ń kọ́ bó ṣe ń sáìnì tẹ́lẹ̀, lórí tábìlì ìjẹun, àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ̀yìn CV mi ló ń fi ṣe é.