Ẹ má fi "igun ojú há" pa fáìlì dé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń wo ojú ní Ìkòròdú níbí, inú bí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọdún 19, igun tí omi inú ojú ń gbà jáde há, ọ̀kan nínú yín kọ oògùn fún un, ó ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Àgbàlagbà ló sábà máa ń ní igun tó há. Bí ẹ bá rí i lójú ọ̀dọ́, ẹ wá ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Gonioscopy, ìyẹn fífi dígí pàtàkì wo igun náà, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi kún un.

Èkíní, ẹ wọn gígùn ẹyinjú. Ti àgbàlagbà máa ń tó mílímítà 23 sí 24. Bó bá dín ní 20, ẹ fura sí nanophthalmos, ìyẹn ẹyinjú tó kéré jù láti ìgbà ìbí, ẹ má sì sáré gbé ọ̀bẹ sí i.

Èkejì, bí ìlà funfun bá wà létí cornea (awọ dídán iwájú ojú), tí iris (awọ tó yí ọmọlójú ká) sì nà mọ́ ọn, ẹ ní kó la ẹnu kí ẹ wo eyín rẹ̀, kí ẹ wo ìdodo rẹ̀ pẹ̀lú. Àrùn àbímọ́ tí wọ́n ń pè ní Axenfeld-Rieger kì í mọ sójú nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Igun tirẹ̀ sábà máa ń la gbayawu. Bó bá wá há ńkọ́?

Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá, wọ́n mú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ kan wá láti Igbógbó. Ó kúrú, ìka rẹ̀ kúkúrú, ó tún le, tipátipá ló fi ń di àlùmọ́gàjí mú. Bó bá fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, á gbé e dé igi imú, kì í tàsé. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì, àfi bí kọ̀ńdọ́ bá pariwo "Kétu!" kó tó mọ ọkọ̀ tí yóò wọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi kún un pé ó jọ pé lẹ́ńsì ojú rẹ̀ kéré, ó sì rí roboto. Ọ̀gá ò ṣí ojú ìwé yẹn rárá. "Glaucoma ni. Ẹ fún un ní pilocarpine." Glaucoma ni àrùn tí ìfúnpá ojú fi ń ba iṣan ìríran jẹ́.

Pilocarpine ń mú kí iṣan inú ojú sún kì. Okùn tín-ín-rín tó gbé irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ró á túbọ̀ dẹ̀, lẹ́ńsì á sún síwájú, á dí ọmọlójú pa. Ìfúnpá ojú tó jẹ́ 34 di 52, bẹ́ẹ̀ èyí tó dáa kì í sábà ju 21 lọ. Wọ́n ní ọmọ náà kì í lo oògùn déédéé, wọ́n tún fi kún un! Ìyá rẹ̀ búra pé òun fúnra òun lòun ń kán an sí i lójú. Atropine, tó ń ṣe òdìkejì, ni wọn ì bá fún un. Kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti yọ lẹ́ńsì náà, ojú ọ̀tún ti lọ.

Nígbà tí ọ̀gá yẹn ń fẹ̀yìn tì, wọ́n pè mí síbi àpèjẹ. Mi ò lọ.

Weill-Marchesani ni àrùn tí kíkúrú, ìka líle àti lẹ́ńsì roboto yẹn ń tọ́ka sí, ó máa ń rìn nínú ìdílé. Mo ní kí ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ yòókù wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní in. A tètè bá a, ojú rẹ̀ méjèèjì ń ríran.